Ṣé draft ló ń kọ́ tíìmù tó ń gba ife ni, àbí owó?

Ìgbógbó_Texan:

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Iyàn kan wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bú mi. Bọ́ọ̀lù àwọn Amẹ́ríkà ni mo ń sọ o, NFL, èyí tí bọ́ọ̀lù ẹ̀ ṣe ṣómúṣómú lórí lápá méjèèjì. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Houston ló kó mi sínú ẹ̀, ó wá wọ̀ mí lára débi pé aago méjì òru ni mo máa ń jí wo àwọn géèmù kan, mo ti di ọmọ Texans pọ́nńbélé láti inú yàrá mi ní Ìgbógbó.

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan, ọmọ Chelsea, la ń ja iyàn yìí ní Ṣábọ̀. Mo ní kó wo Texans, tíìmù Houston, sáà 2022 géèmù mẹ́ta péré ni wọ́n wíìnì, wọ́n nà wọ́n ní mẹ́tàlá, ọ̀kan dọ́gba. Nígbà tó di draft 2023, ìyẹn ètò tí àwọn tíìmù fi ń tò mú ọmọ yunifásítì lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n mú C.J. Stroud ní ipò kejì, wọ́n tún pààrọ̀ pẹ̀lú Arizona kí wọ́n lè gba ipò kẹta, wọ́n fi mú Will Anderson, alẹ́ ọjọ́ kan náà ni o. Sáà yẹn gan-an wọ́n wíìnì mẹ́wàá, wọ́n wọ playoff, ìyẹn ìdíje àwọn tó yege láti du ife, wọ́n fi 45 sí 14 da sẹ̀ríà fún Cleveland. Ọmọkùnrin yìí ní irọ́ ni, ó ní kọ́ọ̀ṣì tuntun tí wọ́n gbà lọ́dún yẹn ló ṣe é, pé draft ò yàtọ̀ sí tẹ́tẹ́, pé kò sí tíìmù tó gbọ́n tí á máa kó ọmọ yunifásítì tí ò tíì gbá bọ́ọ̀lù owó rí wọlé nígbà tí àwọn tó ti mọ̀ ọ́n gbá wà nílẹ̀ tí èèyàn lè rà.

Mo jà jà jà, ẹnu mi ò ká a. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, ṣé lóòótọ́ ni draft ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀ àbí àríwo orí tẹlifíṣọ̀n lásán ni?


BàbáKékeré_Ẹpẹ́:

Àbúrò, ọ̀rẹ́ ẹ ò ṣẹ̀, ojú bọ́ọ̀lù Yúróòpù ló fi ń wò ó. Ní England ẹni tó bá lówó á ra ẹni tó bá wù ú, ó parí. Nínú NFL kò sí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀. Léègì fúnra ẹ̀ ló dá gbèdéke lé iye tí tíìmù kọ̀ọ̀kan lè ná sórí àwọn agbábọ́ọ̀lù ẹ̀, ti 2025 jẹ́ mílíọ̀nù dọ́là 279.2, bó o lówó ju gbogbo wọn lọ bó ò lówó, iye yẹn náà ni. Tí tíìmù méjìlélọ́gbọ̀n bá wá ń ná iye kan náà, níbo ni ẹnì kan á ti yọ orí ju ẹnì kejì? Ibi tó ti rí ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù gan-an àmọ́ tí owó ẹ̀ ò tíì wọ́n ni. Kò síbi tí wọ́n ti ń rí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ju draft lọ.

Fún àwọn tí ò mọ bó ṣe ń lọ: oṣù kẹrin ọdún ni wọ́n máa ń ṣe é, ráúńdì méje ni, tíìmù tó bá ṣe kẹ́yìn nínú sáà tó kọjá ló máa kọ́kọ́ mú, ẹni tó gba Super Bowl, ìyẹn àṣekágbá tí wọ́n fi ń gba ife NFL, ló máa mú kẹ́yìn nínú ráúńdì. Ṣebí gbogbo wa la ti gbá mọ́ńkì póòsì rí. Ẹ rántí bí káfúténì méjì ṣe máa ń dúró láàárín pápá, ọ̀kan á mú, èkejì á mú, ẹni tí wọ́n nà nínú sẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ á ní òun lòun máa bẹ̀rẹ̀ báyìí, kí ọ̀rọ̀ má baà dojú rú. Bó ṣe rí gẹ́ẹ́ nìyẹn. Ẹni tó mú àbá yẹn wá ni Bert Bell tó ni Philadelphia Eagles, torí pé tíìmù tiẹ̀ ni wọ́n máa ń nà jù nígbà yẹn, àwọn ọmọ tó mọ̀ ọ́n gbá kì í sì fẹ́ wá sọ́dọ̀ ẹ̀. 1936 ni wọ́n ṣe àkọ́kọ́. Ẹ wá wo nǹkan tó pa mí lẹ́rìn-ín, ọmọ tí wọ́n kọ́kọ́ mú láyé, Jay Berwanger, kò gbá bọ́ọ̀lù kankan nínú NFL títí tó fi kú, owó tí wọ́n fẹ́ san ò tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Ẹ jẹ́ n padà sórí ọ̀rọ̀ owó torí ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ wà. Láti 2011 ni wọ́n ti ní iye pàtó tí wọ́n máa san fún ọmọ tí wọ́n bá mú, bó ṣe wà nípò ni owó ẹ̀ ṣe máa rí, ọdún mẹ́rin ni àdéhùn ẹ̀. Ṣáájú ìgbà yẹn ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Sam Bradford tí wọ́n mú ní ipò kìn-ín-ní ní 2010 gba àdéhùn ọdún mẹ́fà, mílíọ̀nù 78, mílíọ̀nù 50 nínú ẹ̀ dájú bó gbá dáadáa bó ò gbá dáadáa. Ọdún kan péré lẹ́yìn ẹ̀, ìyẹn 2011, Cam Newton náà wọlé ní ipò kìn-ín-ní, mílíọ̀nù 22 fún ọdún mẹ́rin. Ẹ rí i bó ṣe já wálẹ̀?

Ẹ wá wo Brock Purdy. Òun ni wọ́n mú kẹ́yìn pátápátá nínú draft 2022, ipò 262, ọmọ tí wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni o. Ní sáà 2023 owó tó ń gbà ò tó mílíọ̀nù kan dọ́là, òun sì ni quarterback, ìyẹn ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù tó sì ń darí eré, tó gbé San Francisco dé Super Bowl, àkókò àfikún ni Kansas City ti nà wọ́n níbẹ̀, 25 sí 22. Torí pé quarterback wọn ò ná wọn ní nǹkan kan, wọ́n ráyè kó àwọn ògbólógbòó olówó ńlá yí i ká. Ní 2025 wọ́n wá fún un ní àdéhùn mílíọ̀nù 265 fún ọdún márùn-ún. Mílíọ̀nù 53 lọ́dún! Ó di dandan kí wọ́n jẹ́ kí àwọn kan lọ. Ọdún mélòó kan tí ọmọ ṣì wà lówó pọ́ọ́kú yẹn ni gbogbo kọ́ọ̀ṣì máa ń sáré sí kí wọ́n gba ife nínú ẹ̀.


Tọ́lá_Àjárá:

Mo gbọ́ ẹ̀yin BàbáKékeré, mo gbọ́, àmọ́ ẹ má fi ẹnu dídùn gbé ọmọ Ìgbógbó lọ. Los Angeles Rams ńkọ́? Láti 2017 títí dé 2023 wọn ò mú ẹnikẹ́ni ní ráúńdì kìn-ín-ní, ọdún méje gbáko, gbogbo ipò yẹn ni wọ́n fi ń ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú àwọn tíìmù míì tàbí kí wọ́n fi sún sẹ́yìn. Wọ́n kó méjì lé Jacksonville lọ́wọ́, wọ́n gba Jalen Ramsey. Wọ́n tún kó méjì fún Detroit pẹ̀lú ìkan ti ráúńdì kẹta àti Jared Goff lórí ẹ̀, wọ́n gba Matthew Stafford. Wọ́n mú Von Miller wọlé láàárín sáà. Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Oṣù kejì 2022 wọ́n gba Super Bowl, 23 sí 20, wọ́n na Cincinnati. Ẹni tó fẹ́ ife lónìí ò ní jókòó dúró de ọmọ ọdún 21 kó gbọ́n.

Àti pé ẹ̀yin náà ò sọ apá kan. Draft yìí rẹ́ ọmọ jẹ. Ìwọ ọmọ ò ní yan ibi tó o fẹ́ lọ, tíìmù tí gbogbo ayé mọ̀ pé ilé wọn ń jò ló máa mú ẹ, ìbáà wù ẹ́ ìbáà má wù ẹ́. Àfi tó o bá ní bàbá bíi ti Eli Manning. Ní 2004 wọ́n ti sọ fún San Diego pé kí wọ́n má mú ọmọ àwọn o, San Diego fàáké kọ́rí wọ́n mú un, ó kàn gbé jẹ́sì wọn dání pẹ̀lú ojú líle ni, kí ilẹ̀ tó ṣú wọ́n ti pààrọ̀ ẹ̀ sí New York fún Philip Rivers pẹ̀lú ipò mélòó kan lórí ẹ̀. Ó wá lọ gba Super Bowl méjì níbẹ̀. John Elway náà ṣe irú ẹ̀ fún Baltimore ní 1983. Ọmọ tálákà tí ò ní bàbá tó gbajúmọ̀, ó máa lọ síbi tí wọ́n bá gbé e sí ni.


BàbáKékeré_Ẹpẹ́:

Tọ́lá, mo mọ̀ pé wàá gbé Rams jáde, mo ti ń retí ẹ lol. Ó dáa, ta ló di quarterback Cincinnati mú lópin géèmù yẹn, tó fi í káàkiri bí ọmọ kékeré tí Joe Burrow kàn sọ bọ́ọ̀lù dànù? Aaron Donald. Rams ló mú un nínú draft 2014, ipò 13. Ta ni wọ́n fún ní ẹ̀bùn ẹni tó dáa jù lọ́jọ́ yẹn? Cooper Kupp. Draft 2017, ráúńdì kẹta, ipò 69. Ipò ráúńdì kìn-ín-ní ni wọ́n ń ná, wọn ò ná gbogbo ti ráúńdì kẹta, ìkẹrin, ìkarùn-ún tán, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kó àwọn tó ń ṣiṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò mọ orúkọ wọn. Ẹni tó ra mọ́tò olówó ńlá náà ṣì ní láti ra táyà.

Ẹ wá wo òdìkejì pàṣípààrọ̀ yẹn. Detroit Lions tó gba àwọn ipò ọwọ́ Rams, tíìmù tí wọ́n nà ní gbogbo géèmù mẹ́rìndínlógún ní 2008, ẹ mọ̀ wọ́n. Wọ́n mú Penei Sewell àti Amon-Ra St. Brown ní 2021, St. Brown yìí ráúńdì kẹrin ni o, wọ́n mú Aidan Hutchinson ní 2022, 2023 Jahmyr Gibbs, Sam LaPorta, Brian Branch, Jack Campbell, nínú draft kan ṣoṣo. Sáà 2024 wọ́n wíìnì 15 nínú 17.


Tọ́lá_Àjárá:

Ife dà?


BàbáKékeré_Ẹpẹ́:

Kò tíì sí. Washington ló já wọn jù sílẹ̀, 45 sí 31, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń gbá ẹ̀yìn (defense) fún wọn ló ti fara pa. Mi ò ní jiyàn ìyẹn.


Kọ́ọ̀ṣì_Tópò:

Ẹ kú ìjókòó o gbogbo ilé. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni tèmi, àwọn ọmọ kéékèèké ni mo ń kọ́ níbí ní Bàdágírì, orí yanrìn, ọmọ mi ọkùnrin ló ń wo NFL lórí fóònù tí mo fi ń gbọ́ díẹ̀díẹ̀. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ká mú ọmọ nínú ọ̀pọ̀ ọmọ, iṣẹ́ mi nìyẹn, ẹ jẹ́ n dá sí i.

Ọjọ́ tá a bá ṣe screening, ìdánwò tá a fi ń yan ọmọ, ẹ máa rí nǹkan. Bàbá ọmọ, ìyá ọmọ, éjẹ́ǹtì tí ò ní ọ́fíìsì, gbogbo wọn á tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Ọmọ tó bá da èèyàn mẹ́ta kọjá, ariwo á sọ, éjẹ́ǹtì á ti fa fóònù yọ. Èmi kì í wo ibẹ̀. Ìgbà tí wọ́n bá gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ ẹ̀ lojú mi máa ń là. Òmíì á na ọwọ́ méjèèjì sókè, á máa wo réfírì, á gbá ilẹ̀, yanrìn á fò. Òmíì á ti yí padà, á ti sáré tẹ̀lé ẹni tó gbà á lẹ́sẹ̀ títí dé ẹnu gólì tiwa, á fi ara ẹ̀ dí i. Orúkọ ìyẹn ni mo máa kọ sílẹ̀, ìbáà má mọ̀ ọ́n dà rárá. Ìyá ẹ̀ gan-an á yà á lẹ́nu pé ọmọ òun ni mo pè.

Ìtàn kan tí ọmọ mi fi hàn mí nínú draft wọn yìí ló jẹ́ kí n rí i pé iṣẹ́ kan náà la ń ṣe. Tíìmù kan wà, Pittsburgh Steelers, 1933 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ó lé ní ogójì ọdún tí wọn ò gba ife kankan. Wọ́n gba ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Bill Nunn síṣẹ́, oníròyìn ni tẹ́lẹ̀, ìwé ìròyìn Pittsburgh Courier, ti àwọn aláwọ̀ dúdú. Ó mọ gbogbo yunifásítì aláwọ̀ dúdú tó wà ní gúúsù ibẹ̀, àwọn tí àwọn tíìmù míì kì í fi bẹ́ẹ̀ yọjú sí. Bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ ni pé òun àtàwọn tó ń wá ọmọ fún àwọn tíìmù míì jọ lọ wo ọmọ kan ní Alabama A&M, John Stallworth, wọ́n ní kó sáré kí àwọn fi aago wò ó. Ilẹ̀ tutù, eré ẹ̀ ò yá. Gbogbo wọn ká ìwé wọn, wọ́n bá tiwọn lọ. Bill Nunn ní ara òun ò yá, òun ò lè tẹ̀ lé wọn. Nígbà tó di ọjọ́ kejì ó mú ọmọ lọ sórí ilẹ̀ tó gbẹ, ó ní kó tún un sá. Ni ó bá rí ohun tó fẹ́ rí. Ó gbẹ́nu dákẹ́.

Draft 1974 nìyẹn. Ráúńdì kìn-ín-ní wọ́n mú Lynn Swann, ìkejì Jack Lambert, ìkẹrin Stallworth yìí, ìkarùn-ún Mike Webster. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló wà nínú Hall of Fame, ilé ọlá àwọn tó dára jù nínú bọ́ọ̀lù yẹn, lónìí. Wọ́n tún pe ọmọ kan tí ẹnikẹ́ni ò mú lẹ́yìn tí draft parí, Donnie Shell, òun náà wà níbẹ̀! Super Bowl mẹ́rin ni wọ́n gbà láàárín sáà mẹ́fà. Wọ́n fi Bill Nunn náà sí Hall of Fame ní 2021, ó ti kú nígbà yẹn, ó dùn mí pé kò fojú rí i.

Torí náà Bọ̀dá Tọ́lá, ẹ ní kí wọ́n ra ẹni tó ti mọ̀ ọ́n gbá. Mo gbà, àmọ́ ojú tó ń rí ọmọ kí ayé tó rí i, wọn kì í tà á. Àwa nílẹ̀ yìí ò ní draft, ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé pépà síwájú bàbá ọmọ ló ni ọmọ, sáà tuntun á dé, kìlọ́ọ̀bù á lé àwọn tàná lọ, wọ́n á tún kó àwọn mìíràn wọlé, títí lọ bẹ́ẹ̀. Ẹ wo Remo Stars tí wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní Beyond Limits lábẹ́ wọn, ibẹ̀ làwọn ọmọ ti ń dàgbà bọ̀ kí wọ́n tó bọ́ sí tíìmù ńlá. Wọ́n ṣe ipò kejì léraléra, àwọn èèyàn fi wọ́n ṣẹ̀sín, wọn ò tú u ká, wọ́n gba NPFL, léègì àgbà ilẹ̀ wa, ní 2025.


Ìyá_Tẹ́mi_Ẹbúté:

Ẹ̀yin ọkùnrin yìí ẹ fẹ́ràn àlàyé. Mo kàn fẹ́ rán yín létí pé ọmọ Èkó ni wọ́n mú ní ipò kìn-ín-ní nínú draft basketball 1984, Hakeem Ọlájúwọ̀n, Houston ló mú un. Wọ́n mú un ṣáájú Michael Jordan o! Jordan ipò kẹta ni. Portland tó wà láàárín lọ mú Sam Bowie, títí dòní wọn ò jẹ́ kí wọ́n gbádùn. Hakeem gba ife méjì fún Houston, 1994 àti 1995. Giannis náà tí bàbá ẹ̀ jẹ́ Yorùbá, ipò 15 ni Milwaukee ti mú un ní 2013, ó gba ife fún wọn ní 2021. Ẹ̀jẹ̀ wa dáa fún draft, ẹ máa bá iyàn yín lọ.


Ìgbógbó_Texan:

Mọ́mì, Houston mi lẹ gbé ga yẹn, ẹ ṣeun ma 😂

Kọ́ọ̀ṣì, ẹ ṣé sà, mo ti fi ìtàn Bill Nunn ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ mi lórí WhatsApp, ó ti kà á, kò fèsì. Ìkórodú City tiwa náà ni mo fẹ́ kí wọ́n ka ọ̀rọ̀ Remo yẹn, a gòkè wá sí NPFL ní 2024, Oníkàn la ti ń gbá géèmù ilé wa, ẹni tó ń gbé Ìgbógbó á wọ ọkọ̀ títí kó tó wo tíìmù ìlú ẹ̀, ìjà ọjọ́ mìíràn nìyẹn.

Àmọ́ ibi tí ọ̀rẹ́ mi ti ń nà mí ni àwọn tí wọ́n mú ní ipò kìn-ín-ní tàbí ìkejì tí wọn ò dára. Ó ní JaMarcus Russell, ó ní Ryan Leaf. Ṣé ìyẹn ò fi hàn pé tẹ́tẹ́ ni?


BàbáKékeré_Ẹpẹ́:

Tẹ́tẹ́ wà nínú ẹ̀, ta ló ní kò sí? Russell yẹn, Raiders mú un ní ipò kìn-ín-ní ní 2007, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀ wọ́n ti lé e. Ẹni tí wọ́n fi sílẹ̀ tó bọ́ sí ipò kejì ni Calvin Johnson, ó wà ní Hall of Fame. Tom Brady ńkọ́? Ipò 199 ní 2000, quarterback mẹ́fà ni wọ́n mú ṣáájú ẹ̀. Wọ́n ní kó sáré ogójì yáàdì, ìṣẹ́jú àáyá 5.28, ìyá arúgbó á fẹ́ẹ̀ lè bá a. New England gan-an tó mú un fi í sílẹ̀ ní ráúńdì márùn-ún, kí wọ́n má purọ́ fún wa pé wọ́n mọ̀.

Àmọ́ ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò. Quarterback mẹ́rin ni wọ́n gbà láyè nínú tíìmù lọ́dún yẹn, ọ̀pọ̀ tíìmù ò ní ju méjì tàbí mẹ́ta lọ, wọ́n ò fẹ́ kí ẹlòmíì gbé ọmọ yẹn lọ. Ọdún kan gbáko ló fi jókòó wo Drew Bledsoe, quarterback àgbà wọn, Bledsoe fara pa ní oṣù kẹsàn-án 2001, ó wọlé, ó gba ife mẹ́fà fún wọn. Patrick Mahomes náà, quarterback ni òun náà, Kansas City fún Buffalo ní nǹkan kí wọ́n lè gòkè láti ipò 27 sí ipò 10 ní 2017, wọ́n mú un tán wọ́n fi í sẹ́yìn Alex Smith, géèmù tó kẹ́yìn sáà nìkan ló bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yẹn. Ọmọ tí wọ́n gbé síwájú ìyọnu lọ́jọ́ kìn-ín-ní nínú tíìmù tí ò ní ẹni tó ń dínà fún un, tó bá bàjẹ́, ẹ̀bi ọmọ nìkan kọ́.

Ọ̀nà tí àwọn ọlọ́gbọ́n fi ń dín tẹ́tẹ́ yẹn kù ni pé wọ́n máa ń kó ipò jọ, wọn kì í kó gbogbo ẹ̀ lé ọmọ kan. Richard Thaler, onímọ̀ ọrọ̀ ajé tó gba Nobel ní 2017, àti Cade Massey ti fi ìṣirò hàn pé àwọn tíìmù máa ń san ju bó ṣe yẹ lọ kí wọ́n lè dé ipò òkè yẹn. New Orleans ní 1999 kó gbogbo ipò tí wọ́n ní lọ́dún yẹn pátá, pẹ̀lú méjì lára ti ọdún tó tẹ̀ lé e, fún Washington nítorí ọmọ kan ṣoṣo, Ricky Williams. Géèmù mẹ́ta ni wọ́n wíìnì lọ́dún yẹn. Wọ́n lé kọ́ọ̀ṣì.

Dallas ṣe òdìkejì ẹ̀. 1989, wọ́n ní Herschel Walker, òun nìkan ló dára nínú tíìmù tó wíìnì géèmù kan ṣoṣo lọ́dún yẹn, Jimmy Johnson, kọ́ọ̀ṣì wọn, gbé e fún Minnesota, ó gba ipò rẹpẹtẹ dípò ẹ̀. Wọ́n bú u. Emmitt Smith ti ibẹ̀ jáde, Darren Woodson ti ibẹ̀ jáde, Super Bowl mẹ́ta nínú sáà mẹ́rin. Tọ́lá, fèsì.


Tọ́lá_Àjárá:

Minnesota tó gba ọ̀rọ̀ yẹn wọlé ló yẹ kó fèsì, kì í ṣe èmi. Tí ẹni kan ò bá ya ọ̀dẹ̀, Dallas ò ní rí ibi tà á sí. Mo ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ mi, ẹni tí tíìmù ẹ̀ bá ti sún mọ́ ife kó ná ipò ẹ̀, ẹni tí tiẹ̀ ṣì jìnnà kó kó o jọ. Ọ̀rẹ́ ọmọ Ìgbógbó náà kò jẹ̀bi tán.


Kàmọ́rù_Pópó:

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti òkè. Àbúrò mi ọkùnrin wà níbí ní Ẹpẹ́, ọdún 17, ẹsẹ̀ mẹ́fà àti íńṣì márùn-ún, ó tóbi, basketball ló ń gbá níléèwé àmọ́ eré ẹ̀ yá ju ara ẹ̀ lọ. Ṣé ọ̀nà wà fún irú wọn nínú draft yìí, àbí àfi ẹni tó bá ti wà ní yunifásítì Amẹ́ríkà?


BàbáKékeré_Ẹpẹ́:

Ọ̀nà wà, àmọ́ ó tóóró. Jordan Mailata ni kó lọ kà nípa ẹ̀. Ọmọ Australia ni, rugby ló ń gbá, kò gbá bọ́ọ̀lù àwọn Amẹ́ríkà rí láyé ẹ̀ kí Philadelphia tó mú un ní 2018, ráúńdì keje, ipò 233. Ètò tí NFL fi ń kó àwọn ọmọ ilẹ̀ òkèèrè wọlé ló gbà kọjá. Ẹsẹ̀ mẹ́fà àti íńṣì mẹ́jọ ni, kò gbá géèmù kankan fún ọdún méjì, wọ́n ń kọ́ ọ lásán, lẹ́yìn náà ló wá di òpó ilé wọn, ó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n na Kansas City 40 sí 22 ní oṣù kejì 2025. Nínú tíìmù yẹn kan náà, Moro Ojomo wà, ilẹ̀ yìí ni wọ́n bí i sí, ráúńdì keje ni wọ́n mú òun náà ní 2023, àmọ́ òun gba yunifásítì Texas kọjá.

Osi Umenyiora tó gba Super Bowl méjì fún New York Giants ń ṣètò kan tí wọ́n ń pè ní The Uprise, wọ́n máa ń wá àwọn ọmọ bíi tiẹ̀ nílẹ̀ yìí. Kó parí ìwé ẹ̀, WAEC ẹ̀ kó dúró, ọjọ́ orí ẹ̀ kó má ṣe jẹ́ èyí tí wọ́n gé. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ mú owó wá kóun tó fi orúkọ ẹ̀ sílẹ̀, ẹ sá fún un.


Kọ́ọ̀ṣì_Tópò:

Kàmọ́rù, ẹsẹ̀ mẹ́fà àti íńṣì márùn-ún lo wí? Ṣé ọwọ́ ẹ̀ náà gùn? Mi ò ní ẹni tó ń ṣọ́ gólì o. Kó máa bọ̀ ní Sátidé, kí Amẹ́ríkà tó dé, owó ọkọ̀ ẹ̀ láti Ẹpẹ́, èmi ni mo máa san án.


Tọ́lá_Àjárá:

Ẹ wo Kọ́ọ̀ṣì! Kò dúró de ráúńdì kankan 😂😂


Kàmọ́rù_Pópó:

Mo ti bi í sà. Ó ní ọwọ́ òun gùn, àmọ́ òun ò ṣe gólì, nọ́ńbà 9 lòun fẹ́.